Àmì Pupa Lórí Máàpù Gọ́tà

Ọgbọ̀n-Ọjọ́ là ń pè é ní ọ́fíìsì wa, òun náà sì ń dáhùn. Iṣẹ́ ẹ̀ka wa ni pé kí àgbàrá máa rí ọ̀nà lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni lẹ́tà tí à ń kọ sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin nígbà tí gọ́tà bá fẹ́ gba abẹ́ irin kọjá. Òfin náà ò fepo bọyọ̀: lẹ́tà àti máàpù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé tí wọn ò fèsì, a lè gbẹ́ ẹ. Àwọn náà á ti wo máàpù, wọ́n á ti sọ ibi tí àwọn awakọ̀ wọn ti máa rọra.

Ẹni tó bá wá bẹ̀ ẹ́ pé kó tètè ṣe é, èsì kan náà ló máa gbà: "Ọgbọ̀n ọjọ́." Ó máa ń bí èmi tí mò ń tẹ lẹ́tà rẹ̀ nínú. Kì í fi lẹ́tà rán mẹ́séńjà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e lọ, á dúró ti akọ̀wé wọn gbagidi títí yóò fi buwọ́ lùwé. Ogún ọdún, kò ṣì í ṣe rí.

Lọ́dún yẹn, gọ́tà tó kàn án gbọ̀ngbọ̀n dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, ń gbé ní òdìkejì irin, níbi tí àgbàrá ń dúró sí nítorí kò rọ́nà gbà. Omi ti jẹ ìdí ògiri rẹ̀, ó ti fi pákó gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Ọgbọ̀n-Ọjọ́ mú bírò pupa, ó fi àmì bíńtín sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí máàpù.

Mo ní, "Ṣé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni?"

Ojú tì í. Ó ya òmíràn tó mọ́ tónítóní. Ó gbé lẹ́tà lọ, wọ́n buwọ́ lùwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, gbogbo wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin láàárọ̀. Òjò ti ṣú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti mú ṣọ́bìrì dání, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Ni ọkọ̀ ojú irin bá yọ. Kò rọra rárá. Eré burúkú ló bá kọjá.

Ọgbọ̀n-Ọjọ́ ṣí fáìlì rẹ̀. Máàpù méjì ló wà níbẹ̀, èyí tó ní àmì pupa àti èyí tó mọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló yẹ kó kù. Kò fi ìkankan sínú lẹ́tà tó gbé lọ.

Olórí àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Ọ̀gá, lẹ́tà ṣáà ti dọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ. Ta ló máa mọ̀?"

"Awakọ̀ yẹn ni ò mọ̀. Ẹ kó ṣọ́bìrì yín."

Ó kọjá lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo tẹ̀lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àṣìṣe mi ni. Ẹ dákun, ẹ kó ẹrù yín, ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi."

"Ọjọ́ mélòó ló tún kù?"

"Ọgbọ̀n."

"Ìwọ ọmọ yìí!" Ó dìde, ó lọ kó aṣọ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, Ọgbọ̀n-Ọjọ́ tún gbé lẹ́tà lọ, ó fi máàpù tó mọ́ sínú rẹ̀.

Ilé náà wó lọ́jọ́ kejìlá. Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn ojú obìnrin náà ló fi kọ́ ọ. Ọgbọ̀n-Ọjọ́ wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú rẹ̀ sì tún ń bí mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọkọ̀ ojú irin rọra kọjá bí ẹni ń yọ́ rìn, a sì gbẹ́ gọ́tà náà. Omi lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wò ó, ó ní ká fi máàpù han òun. Èyí tó mọ́ ti wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Èyí tó kù ni àbúrò rẹ̀ tẹ́ síwájú rẹ̀.

"Kí ni pupa yìí?"

"Ilé yín ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fi ìka lé àmì náà, kò sì tètè gbé e kúrò.