Òróró Ẹnu Ìbọn

Ìbọn ló pa bàbá mi, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ni ìbọn náà sì wà. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìbàdàn. Àwọn méjèèjì jọ lọ sóko láàárọ̀ ni. Àbúrò bàbá mi rí àparò, ó gbé ṣakabùlà rẹ̀ sójú, ó fà á, ìbọn kò dún. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e sọ̀kalẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò ni ó dún gbàù, bàbá mi sì wà níwájú rẹ̀. Ó ní àdín tí òun fi pa inú ìbọn náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló pọ̀ jù, pé àdín náà ló mú kí ẹ̀tù rin tí kò fi tètè gbiná. Ìyá mi kò gbà á gbọ́ rárá. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti jà nítorí ilẹ̀ oko lọ́sẹ̀ yẹn, ọdẹ tí kì í tàsé sì ni àbúrò. “Àdín!” ni ìyá mi máa ń wí, á sì tutọ́ sílẹ̀. “Àdín ló wá ń pa èèyàn!”

Kó tó di ọjọ́ yẹn, “ọkọ mi” ni ìyá mi ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní nǹkan kan mọ́. Bàbá kékeré, bí èmi ṣe ń pè é, ti darúgbó báyìí, àìsàn sì ti dá a dùbúlẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá pè é lórí fóònù láti Dallas níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń fi dágbére: “Bá mi bẹ ìyàwó mi. Kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó lọ.” Bí mo bá jíṣẹ́ náà fún ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí, á dìde kúrò ní pálọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bàbá náà yóò kú láìgbọ́ ohùn tó ń retí, ìyá mi yóò sì gbé ìbínú yẹn wọ sàréè.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ọmọ ẹni tí ìbọn pa ń fi ìbọn ṣe. Ìyàwó mi náà bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń ṣe ní Irving ló mú mi lọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dùbúlẹ̀ yìnbọn sí pátákó irin tó jìnnà ní ẹgbẹ̀rún yáàdì. Mo wo inú awò tó wà lórí ìbọn, mo fi ìka fà á, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ “kọ̀ọ́” láti ọ̀hún. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù ara mi bà mí. Kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan níwájú wa, irin lásán ni. Bí mo ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ìyá mi wá bá wa gbé ní Rowlett, lẹ́bàá Dallas, kò pẹ́ tó fi rí àpò gígùn náà ní gáráàjì. Ó tú u. Igbe tó ké, ará àdúgbò kan jáde.

“Nínú ilé tìrẹ? Ìwọ? Èmi àti ìbọn kò ní gbé abẹ́ òrùlé kan. Bá mi wá ọkọ̀ òfuurufú.”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, it’s a sport. Eré lásán ni, Mà.”

“Eré! Bàbá rẹ náà, eré ni wọ́n fi pa á?”

Ó di ẹrù rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó yá, ó tú u, ó kó aṣọ rẹ̀ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì sọ̀rọ̀ ìbọn mọ́. Ó yẹ kí n ti fura. Obìnrin tí kò gba ọ̀rọ̀ àdín láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé, ṣé wẹ́rẹ́ ni yóò gba ìbọn sílé? Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ó dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbọn mi bẹ̀rẹ̀ wèrè. Nínú ẹgbẹ́ wa, ọta àkọ́kọ́ la fi ń mọ akínkanjú, èyí tí èèyàn yìn nígbà tí ìbọn ṣì tutù, láìkọ́kọ́ dán an wò. Ọta àkọ́kọ́ tèmi wá ń tàsé ní gbogbo Sátidé. Èkejì á bà á, ẹ̀kẹta á bà á, ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ á lọ bu koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bú atẹ́gùn. Atẹ́gùn Texas kò ní ìwà kan, ó lè fẹ́ sọ́tùn-ún níbi tí o dùbúlẹ̀ sí, kó máa fẹ́ sósì níbi tí irin wà. Mo bú oòrùn tó ń mú kí afẹ́fẹ́ máa jó lójú awò bí omi tó fẹ́ hó. Mo tún ìdè awò náà dè. Mo gbé ọta kúrò nínú mọ́tò tó gbóná, nítorí ọta tó bá gbóná kì í rìn bí èyí tó tutù. Mo tilẹ̀ fura sí ọkàn ara mi, torí bí ọkàn bá lù kì lásìkò tí ìka ń fà, ìbọn á mì díẹ̀, díẹ̀ níbí sì lè di ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ́hùn-ún. Mo mú èémí dúró títí ojú mi fi ń ṣú. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí.

Bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wa. Ní Sátidé kan, ó ní kí n má tíì yìn ín. Ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti aṣọ funfun kékeré kan gba inú ìbọn mi kọjá. Aṣọ náà jáde, ó rin, ó ń dán. Bàbá náà gbé e símú.

“Òróró ólífì nìyí! Ṣé sàláàdì lo fẹ́ fi ìbọn yìí ṣe ni?”

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbé àjákù ìbọn kan jáde tí irin rẹ̀ ya bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní òróró díẹ̀ ló ń mú kí ọta àkọ́kọ́ mi ṣìnà, kí iná tó jó o tán fún èkejì, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀ jù, ọta kò ní rí ọ̀nà lọ, irin á bẹ́ sí ẹni tó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ọwọ́ mi lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láìmọ̀. Mo sì mọ òórùn òróró yẹn. Ó wà lára ọwọ́ ìdarí mọ́tò mi, ó wà lára àtẹ́rígbà ilé wa, ó wà lára kọ̀ǹpútà iṣẹ́ mi. Òróró àdúrà ìyá mi ni.

Inú ń bí mi délé. Ìyá mi jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀fọ́ tó gbìn fúnra rẹ̀.

“Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ da òróró sẹ́nu ìbọn mi?”

“Mi ò dà á. Mo ta á sí i ni. Láàárọ̀ Sátidé, kó o tó gbé e lọ.” Kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Mo ní kó má rí èèyàn pa láé. Mo ní kó máa tàsé.”

“Ó ń tàsé, Mà! Gbogbo Sátidé ló ń tàsé!”

Ó pàtẹ́wọ́. “Ọlọ́run mi gbọ́!”

“Kì í ṣe Ọlọ́run, òróró ni!” Mo pariwo mọ́ ìyá mi, ohun tí n kì í ṣe. “Ibi tí mo kọjú ìbọn sí kọ́ ni ọta ń lọ, nítorí òróró yín. Ká ní ẹ ta á jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ojú mi ni ìbá bẹ́ sí. Wọ́n fi èyí tó bẹ́ hàn mí lónìí, Màámi!”

Ewé ẹ̀fọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, mi ò rí i kó wo èèyàn bẹ́ẹ̀ rí.

“Òróró?”

“Òróró ni, Mà.”

“Òróró lásán lè mú kí ìbọn ṣe ohun tí ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò fẹ́?”

Mo ti la ẹnu láti dáhùn kí n tó gbọ́ ohun tó ń bi mí gan-an. Mi ò ronú nípa àdín rárá, láti pápá títí délé. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oko yẹn, n kò sì lè mọ̀ ọ́n láé. Ìbọn tèmi àti ṣakabùlà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù tó bá rin lè pẹ́ kó tó gbiná, gbogbo ẹni tó ń yìnbọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́, kò sì sọ sí mi lọ́kàn rí kí n sọ ọ́ fún un.

“Ó lè ṣẹlẹ̀, Mà,” ni mo wí.

“Ó ku díẹ̀ kí n pa ọ́.”

“Ẹ ò mọ̀, Màámi.”

“Òun náà ò mọ̀.” Ó gbé ọwọ́ lérí. “Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé, lórí ìkúnlẹ̀, mo sì tutọ́ sí i lójú. Yéè! Òun náà ò mọ̀!”

Mi ò rí ẹkún ìyá mi láti ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá mi. Mo jókòó sórí koríko lẹ́bàá rẹ̀, ìbínú mi ti tán. Nígbà tó ṣe, ó fi ìdí ìró nujú, ó na ọwọ́ sí mi.

“Bá mi pè é.”

Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù. Ilẹ̀ ti ṣú nílé lọ́hùn-ún, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé e. Ohùn Bàbá kékeré ti tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an.

“Ta nìyẹn?”

Ìyá mi gba fóònù náà, tí mo ti ṣí ohùn rẹ̀ síta, ó gbé e súnmọ́ ẹnu. Bàbá náà tún béèrè. Mo rò pé ìyá mi yóò pa fóònù náà.

“Ọkọ mi,” ni ìyá mi wí.

Mo tẹ etí sí fóònù náà.

“Ìyàwó mi,” ni bàbá arúgbó náà wí, “tún un pè.”