Gáùn Aláwọ̀ Ojú Sánmà Tí Mo Fi Gbẹ̀san

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹni tí mo ń pè ní Àǹtí, ló fẹnu ara wọn ṣèlérí pé ọmọ mi ni yóò ṣáájú ìyàwó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ wọn. Èmi ò tọrọ rẹ̀. Àwọn ń gbé ní Life Camp, àwa ń gbé yàrá méjì ní Dutse Alhaji, ó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n wá, wọ́n yọ téèpù nínú báàgì, wọ́n wọn ọmọ mi léjìká, láyà, níbàdí, títí dé orúnkún. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Ó dúró gbọnin, kò fẹ́ẹ́ mí. Àǹtí sọ fún un pé òun ni yóò máa da òdòdó sílẹ̀ níwájú ìyàwó.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ti ń fi ẹ̀ṣọ̀ rìn nínú ilé bí ẹni tó ru ẹyin. Yóò gé ìwé àtijọ́ wẹ́wẹ́ sínú abọ́ ike, yóò máa dà á sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Èmi ni mò ń gbá ìwé náà, n kì í sì í bínú.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, èmi àti òun lọ sí Life Camp láti lọ gba aṣọ náà. A bá àlejò ní pálọ̀: obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá Àǹtí níbi iṣẹ́, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Aṣọ wà lára ọmọ náà. Gáùn sátíìnì ni, àwọ̀ ojú sánmà, kò lápá, wọ́n sì fi bóò kékeré kan, ọ̀já tí wọ́n so bí ìyẹ́ labalábá, sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tóbi díẹ̀ fún un. Kí ni ì bá ṣe tí kò ní tóbi, nígbà tó jẹ́ pé ara ọmọ mi ni wọ́n wọ̀n?

Àǹtí ò dìde. Wọ́n ní kí n má bínú, pé aṣọ ò kárí mọ́, ọmọ ọ̀gá àwọn ni yóò da òdòdó. Mo bi wọ́n pé kí wá ni kí ọmọ mi wọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wo ọ̀gá wọn, wọ́n tún wò mí.

"Èyíkéyìí tó bá ní nílé náà ti tó, Ìyàwó. Ta ló máa wò ó?"

Etí ọmọ mi gbọ́ ọ. Mo rí i bó ṣe gbójú sílẹ̀ wo bàtà ara rẹ̀. Mo ní ó dáa, mo ní àwa ń lọ. Bí mo ṣe ń dìde, mo rí àjákù sátíìnì náà nílẹ̀ lẹ́bàá àga, mo ṣà á, mo fi í sápò. N kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, àmọ́ ọwọ́ mi ti mọ̀.

Nínú mọ́tò, ọmọ mi sunkún láti Life Camp títí a fi bọ́ sílẹ̀ ní Dutse. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, omi sáà ń dà lójú rẹ̀. Igbe ì bá sàn fún mi. Nígbà tí mo ròyìn fún ọkọ mi, ó mí kanlẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, kí n jẹ́ ká gbójú fò ó nítorí àlàáfíà. Ìbéèrè Àǹtí ni mò ń dáhùn nínú mi. Ta ló máa wò ó? Gbogbo ayé ni yóò wò ó. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ máa kọ́kọ́ wò ó, Àǹtí, ojú yín ò sì ní í kúrò lára rẹ̀.

Téélọ̀ ni ìyá mi, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n kú, máṣíìnì wọn tí a ń fọwọ́ yí ló kàn mí, mo sì gbé e wá sí Abuja, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà tí mo ti ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ìrọ̀rí tó ya àti aṣọ iléèwé tó tú nìkan ni mo fi ń rán. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo yà lọ́jà, mo na àjákù náà sí baba Hausa kan tó ń ta aṣọ. Ó fi ọwọ́ pa á, ó ní "yauwa," bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó fa odindi ìdì àwọ̀ náà yọ láti ìsàlẹ̀. Mo ní kó gé yáàdì mẹ́ta fún mi. Yáàdì méjì ti tó gáùn. Ìkẹta, bóò ni mo fẹ́ fi ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí ọkọ mi jáde ní pálọ̀. Mo tẹ́ ẹní, mo tẹ́ sátíìnì lé e, mo fi gáùn àtijọ́ ọmọ mi lé e lórí, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, mo fi ìka méjì kún un níbi gbogbo. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọn kì í lo ìwé. Sátíìnì ń yọ̀ bí ẹja. Mo gé ihò apá kan jìn jù, mo ní láti wá aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Mo rán òkè, mo rán ìsàlẹ̀, mo fa òwú ìbàdí kó lè kójọ, mo so méjèèjì pọ̀, mo fi síìpù sí ẹ̀yìn, mo ṣẹ́tí rẹ̀. Aṣọ tó rọrùn ni. Ẹni tí inú ń bí lè rán an tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Bóò náà ló gbà mí lákòókò. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe tóbi, ṣùgbọ́n ó dorí kodò bí etí ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn. Mo tú u. Mo wá aṣọ líle tí àwọn téélọ̀ máa ń fi sínú kọ́là, mo gé e ní ìwọ̀n kan náà, mo fi sáàárín sátíìnì méjì, mo rán an yí po, mo yí inú rẹ̀ síta, mo fi àáyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi dúró ganran. Mo fi abẹ́rẹ́ fún un pọ̀ láàárín, mo fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ wé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bóò ti wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tèmi gba gbogbo ẹ̀yìn ọmọ náà láti èjìká kan dé èkejì.

Mo pè é wá wọ̀ ọ́. Mo ń fi píìnì dè é, mo ń tú u, mo tún ń dè é. Píìnì kan gún un níhà. Ó ní, "Mọ́mì, ó ti tó báyìí." Mo ní kó dúró. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé ojú mi ni ọmọ yìí ń wò, ẹ̀rù sì ń bà á. Mo rí i, àmọ́ mi ò dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo fọwọ́ ara mi pẹ́ kúrò nílé kí a lè débẹ̀ nígbà tí èrò ti jókòó. Àwọn ọmọ ti tò sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan tí kò mọ ìdílé wa rárá ló ń tò wọ́n. Ó rí aṣọ tó jọra, ó rí bóò náà, ó ní kí ló dé tí ọmọ yìí fi pẹ́, ó fà á lọ́wọ́, ó fi í síwájú. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mo jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Àǹtí ń bọ̀ láti inú lọ́hùn-ún. Mo rí i pé wọ́n ti rí ọmọ mi. Ẹnu wọn ti là láti sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ ọ̀gá wọn, tó ń fà sẹ́yìn láti fàyè sílẹ̀, fi aṣọ kọ́ irin ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn gáùn náà ya lójú ìránpọ̀, bóò rẹ̀ wá rọ̀ dirodiro lórí òwú kan ṣoṣo.

Àǹtí yíjú sí mi. Ohùn wọn ti yí padà.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, ìwọ lo mọ aṣọ rán. Ṣé abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ?"

Abẹ́rẹ́ wà nínú báàgì mi. Mo ti fi òwú aláwọ̀ ojú sánmà sí i láti ilé, nítorí mò ń bẹ̀rù pé bóò tèmi lè tú. Kò ní í gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

"Kò sí o, Àǹtí."

"Mọ́mì," ni ọmọ mi wí, "ó mà wà nínú báàgì yín."

Àǹtí wo báàgì náà. Wọ́n wò mí. Mo jẹ́ kí wọ́n wò mí dáadáa. Mo wá sún mọ́ wọn, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí àwọn nìkan lè gbọ́.

"Ẹ jẹ́ kó wọlé bẹ́ẹ̀. Ta ló máa wò ó?"

Orin ti bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sáyè mọ́. Wọ́n mú ọmọ ọ̀gá náà lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, obìnrin tó ń tò wọ́n sì gbé apẹ̀rẹ̀ òdòdó fún ọmọ mi. Ó rìn bó ṣe kọ́ ọ nílé. Gbogbo orí ló yí sẹ́yìn, mo ń gbọ́ tí àwọn obìnrin ń béèrè ta ló rán bóò yẹn. N kò ní í purọ́: ó dùn mọ́ mi. Ó dùn láti àyà mi lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọmọ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, omi ń dà lójú rẹ̀.

Nínú mọ́tò lọ́nà ilé, ọmọ mi bi mí ìdí tí n kò fi fún wọn ní abẹ́rẹ́. Mo ní nítorí ohun tí wọ́n ṣe fún un ni.

"Ọmọ yẹn ò ṣe nǹkan kan fún mi," ló wí.

Bàbá rẹ̀, tó ń wakọ̀, tẹjú mọ́ títì. Ọjọ́ kẹta ló tó bi mí bóyá ẹ̀san náà ti wá tó mi. Mo ní kò tíì tó. Òótọ́ ni mo sọ fún un.

Ọmọ mi ò wọ gáùn náà mọ́. Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, mo máa ń fi í kọ́ ibi tí ojú rẹ̀ yóò tó o, òun a sì lọ mú ańkárá rẹ̀ àtijọ́. Ó dun mí ju ọ̀rọ̀ Àǹtí lọ. Nígbà tó dàgbà ju aṣọ náà, mo ká a sínú àpótí.

Àǹtí ò tẹ̀ mí láago títí di Ọdún Àjíǹde. Lọ́jọ́ náà wọ́n wá, wọ́n jẹun, wọ́n sì ní àwọn ò mọ̀ pé inú mi le tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, Àǹtí, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wọ́n mu omi wọn tán, wọ́n dúpẹ́ oúnjẹ. Wọn ò bẹ̀ mí, èmi náà ò bẹ̀ wọ́n. A ń kíra wa. Bí nǹkan bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín àwa méjèèjì, mo mọ̀ pé bí mo ṣe ṣe é náà ni n óò tún ṣe.

Ti ọmọ ọ̀gá wọn yẹn ni mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ. Lóṣù tó kọjá, mo rí òun àti ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Gwarinpa. Ó ti ga. Kíá ni mo yà sẹ́yìn pẹpẹ bísíkíìtì, mo ń ṣe bí ẹni tó ń ka ara páálí. Ọmọ mi ò sá. Ó dúró sáàárín ọ̀nà, ó juwọ́ sí i, ọmọ náà sì juwọ́ padà. Èmi dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi sanwó, tí wọ́n sì jáde.