Ìkọ́kọrẹ́ Ẹ̀yìn Aṣọ Ìkélé ní Gamboru

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ní irọ́ ni. Ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sọ ọ́ mọ́ báyìí. Wallahi, ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu mi. Ta ló ń gbààwẹ̀ tó tún ń parọ́?

Maiduguri ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ta ike, lágbègbè Post Office. Bùkọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì, gba yàrá nílé wa ní Fori. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ìgbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé nítorí àwọn oníbọ́ǹbù ni ìyá rẹ̀ kú nílé wọn ní Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà dí, bàálù ò fò, fóònù ò lọ. Wọ́n sin ìyá láìsí Bùkọ́lá níbẹ̀. Látìgbà náà ni oúnjẹ ò ti gba ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó gbẹ bíi panla. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé e wálé fún mi. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá kú sílé mi, kí ni màá sọ fáwọn ará Ìjẹ̀bú?

Mo bá ní kí n máa mú un jáde lọ jẹun. Ṣé ibi ìjẹun ló wọ́n ní Maiduguri ni? Tuwo àwọn Kanuri wà, ẹran yíyan àwọn Shuwa wà, ìyá Ìgbò kan sì wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀ ń pe èèyàn lórúkọ. A dé gbogbo rẹ̀. "Àǹtí, ọbẹ̀ yìí ń fà jù." "Àǹtí, ẹran yìí ń rùn." Kí ló wá fẹ́ jẹ? Ìkọ́kọrẹ́! Ní Maiduguri, níbi tí ewùrà ò ti hù!

Ibẹ̀ la wà tí Ramadan fi dé. Ẹ gbà mí o! Èmi tí omi ò kan ẹnu mi, èmi ni mò ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kiri nínú oòrùn, tí mò ń wá oúnjẹ fẹ́lòmíì. Àwọn olóúnjẹ ti tilẹ̀kùn. Ìwọ̀nba àwọn tó ń tà á fún ẹni tí kò gbààwẹ̀ fi aṣọ ìkélé bo ẹnu ọ̀nà, kí ojú má bàa rí ẹni tó ń jẹun.

A dé Gamboru lẹ́yìn ìrun àìlà, lọ́sàn-án gangan. Lójijì Bùkọ́lá dúró, ó gbé imú sókè. "Àǹtí, ìkọ́kọrẹ́." Kí n tó fà á lápá, ó ti wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé kan lọ. Mo tẹ̀ lé e, mò ń ráhùn.

Obìnrin kan wà nínú ilé, ó kọ̀yìn sí wa, ó ń ro ìkòkò. Kò wẹ̀yìn. Ó kàn rọra sọ pé, "Àníkẹ́, jókòó."

Ta ló ń jẹ́ Àníkẹ́? Mi ò mọ ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n Bùkọ́lá jókòó, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ló wá sọ fún mi pé oríkì òun ni, ìyá òun nìkan ló ń fi pe òun.

Obìnrin náà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé àwo kalẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ gidi, pẹ̀lú ẹja, ooru ń rú lórí rẹ̀. Bùkọ́lá kó o sẹ́nu.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí mo bá ń gbààwẹ̀, tí wọ́n ń din àkàrà ládùúgbò kejì, imú mi á gbọ́. Oúnjẹ yìí wà níwájú mi, mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Mo fa imú, mo tún fà á. Kò sí.

Mo ní, "Bùkọ́lá, dìde." Ó ń jẹun lọ. Obìnrin náà ló dá mi lóhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Wọn ò jẹ́ kó wá bá mi. Èmi ni mo wá. Ìwọ ò ní jẹun?"

"Mò ń gbààwẹ̀, mà."

"Ó dáa. Ààwẹ̀ á tán."

Mo wọ́ Bùkọ́lá jáde, mi ò mọ bí a ṣe délé. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi padà lọ. Ọkùnrin Kanuri kan tó ń ta ìrẹsì la bá lẹ́yìn aṣọ ìkélé náà. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń tajà níbẹ̀, obìnrin kankan ò dáná níbẹ̀ rí. Inú tiẹ̀ bí i sí wa.

Ojoojúmọ́ ni Bùkọ́lá wá ń lọ sí Gamboru, nínú bọ́ǹbù àti sójà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Asán ni. Á lọ, á sì wọlé kí àkókò kónílé-ó-gbélé tó tó, á máa lá ìka. Kì í fọwọ́ kan oúnjẹ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń kún sí i! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, màmá mi ní kí n mú yín wá. Wọ́n ní màmá tiyín náà ti dé, wọ́n ń se gbẹ̀gìrì dè yín." Ó wá fi oríkì mi pè mí, èyí tí mi ò sọ fún un rí. A ti sin ìyá mi kí n tó relé ọkọ.

Mo ní mò ń gbààwẹ̀. Láràárọ̀ ló ń wá pè mí, látọjọ́ náà ni mo sì ti ń gbà á lójoojúmọ́, kí n má bàa parọ́ fún un. Ó ti sú mi, ẹ̀yin èèyàn. Títí dìgbà wo?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ibi ìjẹun nílùú onílùú, ẹ jẹ ohun tẹ́ ẹ bá rí, kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Bí oúnjẹ ilé yín bá ń ta sánsán níbi tí kò yẹ kó wà, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bóyá òun náà ń gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án àná, òórùn gbẹ̀gìrì gba ojú fèrèsé wọlé bá mi. Mo bi ọkọ mi bóyá ó gbóòórùn nǹkan. Ó ní rárá.