Ipa Bàbá Tí Mo Ṣe Lórí Ìtàgé

Mi ò ní fi "wọ́n" pe bàbá mi nínú ìtàn yìí, mi ò sì ní fi pe ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo tọ́jú "wọ́n" yẹn fún, àwọn tó ń gbé ilé ẹbí ní Àrẹ̀mọ lábẹ́ páànù tó ń jò.

Irin ìkọ́lé ni bàbá mi ń tà ní Bẹyẹrúnká. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá ló kọ́ sí Òkè Bọ́lá. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wá kí i, ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ni yóò ti dá wọn dúró. Á fi áńkáṣíìfù bo imú, á ní, "Ẹ kúkú dúró síbẹ̀ yẹn. Àga yìí kì í gba eruku." Ìyá mi á máa wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ, bí ẹni pé ewúrẹ́ ló yà wọlé.

Lọ́dún tí mo jáde yunifásítì, ẹgbẹ́ eléré ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣe eré àtijọ́ kan, ti ọmọ olówó tó kẹ̀yìn sí àwọn òbí rẹ̀ nítorí ìgbéraga wọn. Mo rò pé ipa ọmọ náà ni màá ṣe. Ipa bàbá ni wọ́n fún mi. Mi ò wá àwòkọ́ṣe jìnnà.

Ọ̀sán Sátidé la ṣe é, nínú gbọ̀ngàn kan nísàlẹ̀ Mápó. Bàbá àti ìyá mi jókòó níwájú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí ẹnì kan nínú ẹbí olówó inú eré náà wọlé, mo fa áńkáṣíìfù yọ. "Ẹ kúkú dúró síbẹ̀ yẹn." Àwọn ará Bẹyẹrúnká tó mọ ìwà bàbá mi dorí kodò. Bàbá mi nìkan ló rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nínú mọ́tò, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá yẹn mà burú o. Níbo lo ti rí irú ẹ̀?"

"Nílé wa ni, sà."

A dé Bẹẹrẹ kó tó yé e. Ó páàkì. "Bọ́ sílẹ̀." Ìyá mi ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Àrẹ̀mọ. Mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "O ṣe é dáadáa. Àmọ́ àbúrò mi kì í wojú èèyàn tó bá ń sọ ọ́. Ìwọ ń wojú."

Mo jókòó tì wọ́n, mo bá wọn ṣa ẹ̀wà náà.

Mi ò padà sí Òkè Bọ́lá mọ́. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe báyìí, yàrá kan ni mo gbà ní Yemetu. Lóṣù tó kọjá, ìyá mi wá. Inú mọ́tò ló jókòó sí, ó yí gíláàsì fèrèsé wálẹ̀ díẹ̀.

"Wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ẹ, kó tán."

"Ẹ sọ̀kalẹ̀ ná, mà. Ẹ wá rí yàrá mi."

Ó wo ẹrọ̀fọ̀ ẹnu ọ̀nà, ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. "Oòrùn ti mú jù. Jẹ́ n máa lọ."

Mo wọlé, mo lọ máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mi ò tiẹ̀ bínú. Ẹni tí ẹrọ̀fọ̀ díẹ̀ lè dá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọmọ ẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ bínú sí lára ẹ̀?