Ìwé Bọ́ǹbù Tí N Kò Kọ

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé gbogbo ìlú wa ló fẹ́ kí Nàìjíríà ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, èyí tó ń run odidi ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Òmù-Àrán sí Èsìẹ́, nígbà tí ìbò tó kọjá ku oṣù díẹ̀.

Olùdíje kan ló gbé ìwé náà wá sí ìpàdé wa ní gbọ̀ngàn ìlú. "Ẹ fọwọ́ sí i," ó ní, "kí ayé lè bẹ̀rù wa, kí àwọn ajínigbé náà lè bẹ̀rù wa."

Ìyá Sàádátù, tí wọ́n jí Sùlé ọmọ rẹ̀ gbé lóko, dìde. "Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sùn sílé lánàá ló ń bèèrè irú bọ́ǹbù tó jẹ́."

Bàbá Àjàní, olórí ọdẹ, ló fèsì. Ìbọn rẹ̀ wà níta, ó ti yọ ọta inú rẹ̀, bí àwọn ọdẹ wa ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó wọ àárín èèyàn.

"Ìyá Sàádátù, ẹ má bínú. Igbó tí àwọn ajínigbé wà, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni Sùlé náà wà?"

"Ibẹ̀ ló wà."

"Bàbá mi kọ́ mi pé kí n má yìnbọn sí igbó tó ń mì láìrí ohun tó ń mì ín. Ohun ìjà tí kò mọ ẹran yàtọ̀ sí ọmọ, kì í ṣe ti ọdẹ."

Olùdíje rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin àti ṣakabùlà yín! Ayé ti kọjá yín."

"Ó kọjá mi, kò pa mí. Tiyín ló fẹ́ pa mí."

Ẹ̀rín sọ. Nígbà tí wọ́n ní ká dìbò, bí ìdajì gbọ̀ngàn ló nawọ́ sókè pé rárá. Ìyá Sàádátù ká ọwọ́ mọ́ àyà, kò nà án síbì kankan.

Alága ẹgbẹ́ wa yíjú sí mi. "Akọ̀wé, kọ ọ́ pé gbogbo wa fẹnu kò."

"Alága, mo rí ọwọ́ àwọn tó kọ̀."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín."

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́. Ó gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ mi pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kejì, àwa tó kọ̀ kọ ìwé tiwa sí ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àjàní, olúkúlùkù tẹ̀ka. Ìyá Sàádátù wá, ó dúró. "Èmi ò ní tẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ Sùlé síbẹ̀, kí wọ́n mọ ẹni tó wà nínú igbó."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, ohun tí olúkúlùkù gbé wá látilé ló fi dìbò: ìbànújẹ́, ìgbàgbọ́, ẹ̀kọ́ baba. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Ẹni tó jí ohùn wa ni mo bá jà, mo ṣì ń bá a jà. Olùdíje wọlé. Sùlé kò tíì dé. Ìpadàbọ̀ rẹ̀ ni ìjọba jẹ wá.

Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn yóò ka ìwé méjèèjì ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí gbogbo ẹni tó tẹ̀ka wá sọ tẹnu rẹ̀.