Ìròyìn Ìparí Oṣù

Nígbà tí èéyi ń pa ọmọ l'Ọ̀rà, ilé ìwòsàn kan n'Ílá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àràárọ̀ làwọn awakọ̀ Ọ̀rà ń sọ ọ́ fún wa. Mo ní ká ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìlera l'Óṣogbo lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá mi jágbe mọ́ mi: “Ìparí oṣù là ń kọ ìròyìn!”

Bí ẹni pé ikú ń wo kàlẹ́ńdà.

Nílẹ̀ wa, òkú ọmọdé kì í sùn mọ́jú. Ìròyìn rẹ̀ ló sùn títí oṣù fi parí. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, wọ́n yìn wá pé ìròyìn wa pé pérépéré. A ké sáwọn ìyá kí wọ́n gbọ́mọ wá. Ọ̀kan ká ọ̀já dání, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.

Ó ní, “Ẹ pè mí, mo wá.”