Kútẹ́ẹ̀sì pupa nínú mọ́nítọ̀

Wọ́n pè mí lólè nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lónìí, n'Íkòtún níbí!

Màmá kan gbé mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà wá pé ó ṣókùnkùn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, àwòrán hàn fírífírí.

Mo ní, "Mà, ojú ẹ̀ ò bàjẹ́ o. Iná ẹ̀yìn ẹ̀ ni ò tàn."

Bí mo ṣe tú u báyìí, màmá lọgun:

"Dúró! Àmì mi dà? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n tún bọ́tìnnì ẹ̀ ṣe níbòmíì, mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sínú ẹ̀, kí ẹ̀yin olè má baà pààrọ̀ nǹkan mi!"

Èrò ti ń pé jọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àmì.

Mo rí i. Ẹnu wáyà tó ń gbé iná lọ sáwọn gílóòbù ẹ̀yìn gan-an ni màmá da kútẹ́ẹ̀sì sí. Ó ti gbẹ síbẹ̀, iná ò ráyè kọjá!

Mo ha á kúrò, mo ki wáyà bọ̀ ọ́ padà. Mọ́nítọ̀ tàn yanran.

Màmá wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n wá yọ ìgò kútẹ́ẹ̀sì nínú báàgì.

"Kó o tó dé e, jẹ́ n sàmì míì."

Ẹ gbà mí o, kí ni kí n ṣe? Wọ́n ti ń ṣí ìgò!